Mìmósà Delfina Lórí Ọ̀nà Ojú Irin Àtijọ́

Ọdún tí Delfina Anfosso pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni ó tó kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣe fàájì, kì í sì í ṣe pé dókítà ni ó ní kí ó máa na egungun rẹ̀. Oko baba rẹ̀ ni kò fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí igbá òun fọ́, kò ní kọ̀ láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Oko náà wà ní etí òkun Líguria, níbi tí òkè ti sún mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún títì mọ́tò láàárín wọn. Pẹpẹ mẹ́rìnlá ni, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi òkúta lásán mọ, tí ọ̀kan ń gun èkejì lórí bí ìpele àkàsọ̀. Igi ólífì ni ó wà lórí àwọn pẹpẹ òkè, mìmósà ni ó wà ní ìsàlẹ̀. Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń rẹ̀yìn, gbogbo ìsàlẹ̀ oko a yọ ìtànná wẹ́wẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan fọ́ pupa ẹyin sórí igi. Oúnjẹ ọdún kan wà nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ni ọjọ́ àwọn obìnrin, ọkùnrin tí kò bá sì mú ẹ̀ka mìmósà lé ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó múra àlàyé sílẹ̀. Tí ó bá di ọjọ́ kẹsàn-án, ìtànná kan náà ti di pàǹtí.

Nígbà tí Delfina wà ní kékeré, ojú irin ni ó gba ìsàlẹ̀ oko wọn kọjá, láàárín pẹpẹ tí ó kẹ́yìn àti òkun. Ọkọ̀ ojú irin ni agogo ilé wọn. Ti aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ó ń jí wọn, ti ọ̀sán ni ó ń pè wọ́n sídìí oúnjẹ, ti ìrọ̀lẹ́ sì ni ó ń mú kí ìyá wọn dá ọ̀rọ̀ dúró lágbede méjì, kí ó dúró kí ariwo kọjá, kí ó tó parí ohun tí ó ń sọ. Bernardo, baba wọn, a kó òdòdó lé ìbaaka rẹ̀ lẹ́yìn, a tẹ́tí sí irin, a sọdá, a sì gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sí tésàn San Brizio, ìrìn kìlómítà mẹ́rin. Delfina ni ó máa ń tẹ̀lé e. Loretta, àbúrò rẹ̀, kò fẹ́ràn ẹrẹ̀ láti kékeré. Òun ni ó lọ sí Jẹ́nóà, tí ó ṣí ìsọ̀ bàtà síbẹ̀.

Bernardo kú, ìbaaka náà kú. Delfina fẹ́ Gino, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó mọ òkúta í tò ju bí ó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ lọ. Ọdún tí Gino ṣaláìsí gan-an ni ìjọba gbé ọkọ̀ ojú irin kúrò ní etí òkun, tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tuntun fún un nínú òkè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Delfina kò jí títí oòrùn fi wọ yàrá. Nígbà tí ó jí, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń dúró de nǹkan kan, kò sì lè sọ bóyá ọkọ ni tàbí ọkọ̀.

Wọ́n hú irin náà. Koríko bo ojú ọ̀nà fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n sì ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ gbà á. Ọ̀nà náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ìró táyà kẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn kò ní ọ̀nà mìíràn nìkan ni wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti máa gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn gba ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ọdún kẹwàá yóò fi pé, àwọn yòókù ti kú tàbí kí wọ́n ti ta oko wọn. Delfina nìkan ni ó kù.

Ivo Rebaudo, ẹ̀ṣọ́ tí ń mójú tó ọ̀nà náà, ni ó mú lẹ́tà wá ní ìparí oṣù kọkànlá. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́."

"Ivo, ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ, èmi ni mo gbé òdòdó lọ bá ìyá ẹ. Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Kà á fún mi, mi ò rí awò mi."

Ivo kà á. Láti ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, ohun tí ó bá ní ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà náà mọ́.

"Ẹ lè kọ̀wé sí wọn o, mà. Àwọn tó ń kọ̀wé pọ̀."

Delfina wo ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, tí ó ń tú èéfín lábẹ́ igi. Ó rántí bí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti máa ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó bá ń bọ̀, tí àwọn ìyá a fa ọmọ wọn mọ́ra, tí inú ihò abẹ́ òkè tí ojú irin àtijọ́ gbà kọjá a sì kún fún ariwo rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nínú kìlómítà mẹ́rìnlélógún tí ọ̀nà náà gùn, òun nìkan ṣoṣo ni ariwo tí ó ṣẹ́ kù.

"Mi ò ní kọ̀wé," ni ó sọ. "Wọ́n ò purọ́ mọ́ mi."

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kò ní kí ẹrù má wúwo. Nígbà tí Loretta wá kí i lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, wọ́n jókòó ti àwo fàrínátà gbígbóná, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣe, Loretta kò sì jẹ́ kí ó tutù kí ó tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ni oko náà nínú ìwé.

"Àǹtí Delfina, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Orí lẹ fẹ́ máa fi ru mìmósà ni?"

"Bàbá wa ṣe é láìsí mọ́tò."

"Bàbá wa ní ìbaaka. Ẹ̀yin ní orúnkún tó ń dùn yín." Loretta sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni kan láti Mílánò fẹ́ sọ ilé òkúta yẹn di ibi tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á ti máa sùn. Ó ní òun á fi yàrá kan sílẹ̀ fún yín."

"Yàrá kan! Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí! Ó ṣe é, ó mà láàánú o. Ṣé ó máa jẹ́ kí n fi ẹnu ọ̀nà wọlé?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Tí mo bá wá fúnra mi gbé e délẹ̀ ńkọ́? Láìsí mọ́tò?"

Loretta wò ó títí. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kì í sọ ohun tí kò ní ṣe, ó sì mọ̀ pé ohun tí ó ń sọ yìí kò ṣe é ṣe. "Ó dáa. Tí mìmósà ọdún yìí bá dé ìdí lọ́rì tó ń wá kó o ní tésàn kí aago mẹ́sàn-án tó lù, mi ò ní dárúkọ ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ́ láyé. Tí kò bá dé, ẹ máa fọwọ́ sí ìwé kí ọdún Àjíǹde tó pé. Èmi náà á wà níbẹ̀."

Báyìí ni Delfina ṣe lọ bá Ampelio Gandolfo.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Ampelio. Ogún ọdún ó lé mẹ́jọ ni ó fi ń rin ojú irin náà lójoojúmọ́, tí ó ń fi òòlù kan irin, tí ó ń gbọ́ èyí tí ó sán nínú ìró rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti hú irin náà, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú tésàn àtijọ́, ó sì ń bẹnu àtẹ́ lu ìjókòó gbogbo ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí ìyàwó rẹ̀ lò títí ó fi kú ṣì wà lára ògiri, ó sì ń fi epo sí i lọ́dọọdún láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Inú ihò la ti máa kọ́ ọ," ni ó sọ. "Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tó máa rí ẹ. Tó o bá ṣubú, èmi nìkan ni màá rẹ́rìn-ín."

Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń lọ, nígbà tí gbogbo San Brizio bá sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Inú ihò náà tutù, iná tò sórí rẹ̀ ní ìlà kan, ohùn Ampelio sì ń ró nínú rẹ̀ bí ohùn àlùfáà.

"Delfina! Kẹ̀kẹ́ ni tàbí màlúù? O di ìwo ẹ̀ mú bíi pé ó fẹ́ kàn ẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa dì mí mú, ẹ má pariwo!"

"Má wo táyà! Táyà ò ní sá lọ. Iwájú ni kó o wò. Ibi tójú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ."

"Ojú mi ò ríran jìnnà!"

"Wo ibi tójú ẹ mọ, kó o máa gba ọ̀nà tó kù lọ."

Ó ṣubú ní ọjọ́ kìíní, ó ṣubú ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹta ògiri ni ó gbà á. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó bi Ampelio ní ìbéèrè kan, kò sì dá a lóhùn. Ìgbà tí ó gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn ni ó tó mọ̀ pé òun nìkan ni òun ń lọ. Kò pariwo, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ ìlà iná náà, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó sì ronú pé bóyá báyìí ni ó ti rí fún àwọn tí ń wa ọkọ̀ ojú irin.

Nígbà tí ó di àárín oṣù kejì, ó ti so ọmọlanke kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ó ń fà á lófìfo láti oko dé tésàn, láìdúró. Ampelio tẹ̀lé e títí, ó kan táyà wò bí ẹni kan irin, ó ní ó ti tó.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ni lọ́rì ń bọ̀, kí òdòdó lè dé àwọn ìlú ńlá ní ọjọ́ kẹjọ. Delfina gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó kó o sínú yàrá òkúta tí ó móoru, ó ti ẹsẹ̀ wọn bọ omi kí ìtànná wọn lè là. Ìdì mẹ́rìnlélógún ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà mọ́, ó to gbogbo rẹ̀ sínú ọmọlanke bí baba rẹ̀ ti ń tò ó sẹ́yìn ìbaaka, ọ̀kan lórí èkejì, tóóró, ó sì ga. Bí wọ́n ti ń di ẹrù lórí òkè náà láti ayébáyé nìyẹn. Láàárín ògiri òkúta méjì, ẹrù tí ó bá na apá yóò ha. Èyí tí ó bá wo òkè ni yóò kọjá. Nígbà tí ó fi okùn dì í tán, ẹrù náà ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ó gbéra ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òwúrọ̀ náà tutù, ó sì mọ́. Òkun wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ó dúdú ní òkèèrè, ó funfun létí, òkè náà sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ bo ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án. Tọkọtaya àgbàlagbà kan kọjá lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí i, obìnrin náà sì yí orí padà láti gbóòórùn mìmósà náà. Kò sí ìró kankan àfi ti omi àti ti ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́. Delfina gbàgbé orúnkún rẹ̀. Ó wọ inú ihò, ó wo iwájú bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ní ìhà kejì.

Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń dúró dè é. Líbẹ́ṣò ni, èyí tí ń fẹ́ láti ìhà Áfíríkà wá, tí kì í kọlu ẹ̀yìn òkè ṣùgbọ́n tí í kọlu ẹnu ihò yẹn tààrà. Ó mú ẹrù gíga náà bí ẹni mú etí ewúrẹ́, ó sì dà á nù. Ọmọlanke ṣubú, kẹ̀kẹ́ ṣubú tẹ̀ lé e, Delfina fi orúnkún kanlẹ̀, mìmósà sì tú káàkiri ojú ọ̀nà.

Ó dìde. Ó kó ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún jọ, kò sí èyí tí ó bàjẹ́ púpọ̀. Ó tún to wọ́n, ọ̀kan lórí èkejì, tóóró, ó sì ga. Ó fa kẹ̀kẹ́, kò tíì rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí afẹ́fẹ́ tún fi dà á nù.

Nígbà náà ni ó jókòó sílẹ̀ láàárín òdòdó, tí ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó di ẹrù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ náà ti mọ ìbaaka, ó ti mọ ògiri òkúta, kò sì tíì gbọ́ pé ọ̀nà tí òun ń gbà báyìí kò ní ògiri mọ́. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdì náà ní ìbú, kí wọ́n sùn pẹlẹbẹ, kí wọ́n yọ apá jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó rí lára rẹ̀ bí ẹni tí ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Mẹ́rìnlá péré ni ó gbà. Ó gbé mẹ́wàá tí ó kù padà sínú ihò, ó fi wọ́n ti ògiri níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni ó dé tésàn. Fulvio awakọ̀ ti ṣí ẹ̀yìn lọ́rì. Ampelio dìde lórí bẹ́ǹṣì. Loretta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni rí òkú tí ń rìn.

"Kẹ̀kẹ́," ni Loretta sọ. "Kẹ̀kẹ́ lẹ gùn wá?"

"Kí lo rò pé mo gùn, ẹja?"

Loretta wo inú ọmọlanke. "Ìdì mẹ́rìnlélógún lẹ sọ fún mi lórí fóònù."

"Mẹ́wàá wà ní ẹnu ihò. Afẹ́fẹ́ ló dá mi dúró. Mò ń padà lọ gbé e."

"Afẹ́fẹ́!" Ampelio fi ọwọ́ lu orí. "Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin ò bẹ̀rù afẹ́fẹ́, mi ò rántí ẹ̀ rárá."

Fulvio wo aago rẹ̀. "Mo ní ìlú mẹ́ta níwájú, mà. Kọfí kan ni mo lè mu. Aago mẹ́sàn-án bá ti lù, mo ti lọ."

Delfina yí kẹ̀kẹ́ padà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gùn ún, ẹsẹ̀ náà kọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Orúnkún rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ sì ti gba ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn: ihò náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méje lọ, oko baba wọn sì wà láàárín ìṣẹ́jú méje ọ̀hún.

Loretta na ọwọ́, ó tú ọmọlanke kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Kí lò ń ṣe?" ni Delfina bi í.

"Ẹ jókòó jàre. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára yín."

"Àdéhùn wa ni pé èmi fúnra mi..."

"Èmi kọ́ ni mo sọ 'fúnra mi', ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ní kó dé ìdí lọ́rì." Ó di ọwọ́ ọmọlanke mú, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n, tòun ti bàtà olówó iyebíye tí ó wọ̀ láti Jẹ́nóà.

Wọ́n dúró. Fulvio mu kọfí rẹ̀ bí ẹni ń mu oògùn, díẹ̀díẹ̀. Ampelio bu omi sórí orúnkún Delfina, ó ní, "Ọmọ Bernardo, ìjókòó ẹ lórí kẹ̀kẹ́ ṣì burú o. Ṣùgbọ́n o dé."

Ó ku ìṣẹ́jú kan kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù nígbà tí Loretta yọ. Ó ń sáré, bàtà rẹ̀ wà ní ọwọ́ kan, ọmọlanke wà ní ọwọ́ kejì, eruku ìtànná sì ti sọ ẹ̀wù eérú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Fulvio kó ìdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ti ìlẹ̀kùn lọ́rì, ó sì lọ.

Ampelio kò lè pa á mọ́ra. "Ta ló wá gbé e délẹ̀ báyìí? Ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò?"

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ fẹ́ràn ẹjọ́ jù," ni Loretta dáhùn. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń mí gùlegùle. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Mi ò tíì rin ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti hú irin yẹn. Mo dúró ní ẹnu ihò, mo ń gbọ́ òkun. Ṣé gbogbo ìgbà ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìgbà. Ọkọ̀ ojú irin ni ò jẹ́ ká gbọ́."

Loretta mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó pe ọ̀gbẹ́ni ará Mílánò náà, ó kí i dáadáa, ó sì sọ fún un pé oko náà kò sí fún títà, òun dúpẹ́, òun kò ní pè é mọ́. Ó gbọn eruku ìtànná kúrò lára fóònù kí ó tó dá a padà sápò.

"Ìgbà wo lẹ máa gé àwọn ẹ̀ka mìmósà tó kù wálẹ̀?" ni ó bèèrè. "Bàbá kì í jẹ́ kó pẹ́ lẹ́yìn ìtànná."

"Ọjọ́rú tó ń bọ̀."

"Màá wá," ni Loretta sọ. "Ẹ wá bàtà ẹrẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi."